Lílé Ìdun Kúrò Nínú Yàrá Ayálégbé ní Accra

Ìdun ni kòkòrò pẹlẹbẹ, aláwọ̀ pupa rúsúrúsú, tó ń fa ẹ̀jẹ̀ ẹni tó bá sùn. Àgbà rẹ̀ gùn tó mìlímítà 5; ẹyin rẹ̀ funfun, kò sì ju mìlímítà 1 lọ. Kò lè fò, kò sì lè tọ. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn nínú ilé, ẹrù àti aṣọ èèyàn ló sì ń bá lọ láti ilé kan dé òmíràn.

Oríṣi méjì ló ń bá èèyàn gbé. Cimex lectularius pọ̀ ní ilẹ̀ olótùútù. Cimex hemipterus ló gbilẹ̀ ní ilẹ̀ olóoru bíi Gánà àti Nàìjíríà. Ti àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ ìwé òyìnbó ń sọ, ìyàtọ̀ kan sì wà láàárín wọn tó kan bí a ṣe ń lé wọn: ti ilẹ̀ olóoru mọ ara abọ́ tó ń dán gùn, èyí tí kò rọrùn fún èkejì. Nítorí náà, abọ́ gbígbẹ lásán lábẹ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì kò tó láti dá a dúró ní Accra.

Ní ìlú yìí, ọ̀pọ̀ ayálégbé ló ń san owó ilé ọdún 1 tàbí 2 kí wọ́n tó wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin owó ilé ti ọdún 1963, ìyẹn Act 220, kò fọwọ́ sí i kí onílé béèrè ju owó oṣù 6 lọ ṣáájú. Ẹni tó ti san irú owó bẹ́ẹ̀ kò lè torí ìdun kó jáde lọ́la. Bó bá tiẹ̀ kó jáde, ìdun á bá a dé ibi tó ń lọ. Bí èèyàn ṣe lè dúró sínú yàrá náà kó sì lé ìdun tán ni orí ìwé yìí ń ṣàlàyé. Ooru, búrọ́ọ̀ṣì, dídí ihò àti sùúrù ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Oògùn kàn ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ni.

Àmì tí a fi ń mọ̀ pé ìdun ni

Ara yíyún nìkan kò tó ẹ̀rí. Ẹ̀fọn ń jẹni, èèrà ń jẹni, ooru náà sì ń mú kí ara sú. Ojú ibi tí ìdun ti jẹni sábà máa ń tò tẹ̀ léra wọn lápá, lọ́rùn tàbí lẹ́yìn, níbi tí aṣọ kò bò. Ṣùgbọ́n ara àwọn mìíràn kì í wú rárá: tọkọtaya lè jọ sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan, kí ara ìyàwó lé, kí ọkọ má sì mọ nǹkan kan.

Ẹ̀rí tó dájú wà lórí ibùsùn fúnra rẹ̀:

- Àmì dúdú wíńníwínní lójú rírán fóòmù, lẹ́bàá ìrọ̀rí tàbí lára igi bẹ́ẹ̀dì. Ìgbẹ́ ìdun ni. Bí wọ́n bá fi aṣọ funfun tó tutù nù ún, yóò ràn, yóò sì fi àwọ̀ pupa tó ṣú sára aṣọ náà, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ti dà nínú rẹ̀ ni.
- Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ìdun bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló ń bọ́ awọ kó tó dàgbà, kò sì lè bọ́ ọ láìkọ́kọ́ mu ẹ̀jẹ̀.
- Ẹyin funfun tó lẹ̀ mọ́ inú ihò súkúrù, ojú ibi tí pákó ti pàdé pákó, tàbí abẹ́ aṣọ tí wọ́n kàn mọ́ ìdí bẹ́ẹ̀dì.
- Ìdun fúnra rẹ̀. Láàárín aago méjì sí mẹ́rin òru ló rọrùn jù láti rí i, bí wọ́n bá ṣàdédé tan tọ́ọ̀ṣì sójú rírán fóòmù.

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ìwọ̀n mítà 2 sí ibi tí èèyàn ń sùn ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìdun máa ń fara pamọ́ sí. Bó bá jẹ́ pé ọ̀sán ni ẹni náà ń sùn, bíi nọ́ọ̀sì tàbí ọlọ́dẹ tó ń ṣiṣẹ́ òru, ọ̀sán náà ni ìdun yóò máa jáde.

Títí di báyìí, kò sí ẹ̀rí pé ìdun ń kó àrùn láti ara ẹnì kan ran ẹlòmíràn nínú ilé. Ìpalára rẹ̀ ni àìróorunsùn, ara yíyún, egbò tí èékánná fà, àti ara wíwú fún àwọn tí ara wọn kò gbà á. Kì í sì í ṣe àmì ọ̀bùn. Ní ọdún 2023, ariwo ìdun gba gbogbo Paris, ó sì di ọ̀rọ̀ lẹ́nu ìjọba ilẹ̀ Faransé. Ìtìjú ló ń jẹ́ kí ìdun ràn nínú ilé olójúlé púpọ̀: oníyàrá kan mọ̀, ó dákẹ́, kí ó tó sọ̀rọ̀, yàrá mẹ́ta ti kó o.

Ohun èlò

Kò sí èyí tí kò sí lọ́jà Accra nínú ìwọ̀nyí:

- tọ́ọ̀ṣì tó mọ́lẹ̀ dáadáa, àti káàdì ike tó ti gbó, èyí tí wọn yóò máa fi tọ ojú rírán àti ibi tó là;
- ohun ìtúsúkúrù, láti fi tú bẹ́ẹ̀dì;
- búrọ́ọ̀ṣì líle méjì, kékeré fún ojú rírán, ńlá fún igi àti ògiri;
- kẹ́tù tó ní ẹnu tóóró, àti áyọ́ọ̀nù, pàápàá èyí tó ń tú ooru omi jáde;
- báálì, ọṣẹ ìfọṣọ, àti ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó nípọn;
- ọ̀rá ńlá tó nípọn, ó kéré tán 10, àti sẹ́lótéèpù fífẹ̀;
- èpo fóòmù tó ní sípì, tó bo fóòmù látòkè délẹ̀;
- abọ́ ike mẹ́rin fún ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì;
- símẹ́ǹtì funfun tàbí ohun ìdíhò mìíràn;
- ìwé kékeré kan, tí wọn yóò máa kọ ọjọ́ àti ohun tí wọ́n rí sí.

Ẹni tó bá rí ẹ̀rọ tí ń fa ìdọ̀tí mu yá lè lò ó pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì. Gbàrà tó bá parí, kó di ohun tí ẹ̀rọ náà fà sínú ọ̀rá, kó so ó pa, kó sì gbé e jáde nílé.

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀: onílé àti ará ilé

Nínú ilé olójúlé púpọ̀ tí yàrá yí àgbàlá ká, irú èyí tó kún Nima, Accra New Town àti Bukom, ògiri kan náà ni yàrá méjì jọ ń lò, àjà pákó kan náà sì lè bo yàrá mẹ́rin. Ìdun a máa gba ihò wáyà àti ẹ̀gbẹ́ àjà kọjá. Bí oníyàrá kan bá dá iṣẹ́ ṣe, ìdun á ṣí lọ sí ọ̀dọ̀ aládùúgbò, á sì padà wá. Ìdí nìyẹn tí ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ fi jẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ.

Kí ayálégbé kọ ìwé sí onílé tàbí sí alábòójútó ilé. Bó bá jẹ́ orí fóònù ni wọ́n ti ń bára wọn sọ̀rọ̀, kó fi ránṣẹ́ níbẹ̀, kó má sì pa á rẹ́. Ohun mẹ́rin ló yẹ kó wà nínú rẹ̀: ọjọ́ tó kọ́kọ́ rí ìdun, ibi tó ti rí i, àwòrán, àti ohun tó ń béèrè. Ọjọ́ ṣe pàtàkì. Bó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ tó kó wọlé gan-an ló rí àmì dúdú tó ti gbẹ nínú ihò ògiri, àwòrán ọjọ́ náà yóò jẹ́rìí pé kì í ṣe òun ló gbé ìdun wá.

Nípa owó, ìwé àdéhùn ilé ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Níbi tí àdéhùn kò bá ti sọ nǹkan kan, ìpín tó sábà máa ń tẹ́ tọ̀tún-tòsì lọ́rùn ni pé kí onílé dí ògiri, kó tún àjà ṣe, kó sì san owó afínko, ìyẹn ẹni tó ń fín oògùn apakòkòrò, fún gbogbo yàrá, kí ayálégbé kọ̀ọ̀kan sì tọ́jú ẹrù tirẹ̀. Bí onílé bá kọ̀ jálẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó àyíká ti ìjọba ìbílẹ̀, ìyẹn wolé-wolé, lè wá wo ilé náà. Rent Control Department ni ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń gbọ́ ẹjọ́ láàárín onílé àti ayálégbé. Ibẹ̀ ni ìwé, àwòrán àti rìsíìtì owó ilé yóò ti wúlò.

Kí wọ́n dá ọjọ́ kan tí gbogbo yàrá tó fara kan ara wọn yóò jọ ṣiṣẹ́.

Àwọn ìgbésẹ̀

*1. Kí ẹnikẹ́ni má ṣí ibi tó ń sùn.* Ẹni tó bá sá lọ sùn ní pálọ̀ yóò fa ìdun tẹ̀ lé ara rẹ̀, yóò sì di ojú ogun méjì. Bákan náà, kí wọ́n má gbé aṣọ tàbí ìrọ̀rí kankan jáde láìkọ́kọ́ dì í sínú ọ̀rá.

*2. Kíkó aṣọ.* Inú yàrá náà gan-an ni kí wọ́n ti kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì, kọ́tìnnì, àwọ̀n ẹ̀fọn àti aṣọ wíwọ̀ sínú ọ̀rá, kí wọ́n so ẹnu rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e kọjá ẹnu ọ̀nà. Ìdun àti ẹyin rẹ̀ kì í la ooru ìwọ̀n 50 lórí Celsius já. Bí ooru bá jẹ́ 48, ó lè gbà tó wákàtí kan àbọ̀ kí wọ́n tó kú tán. Nítorí náà:

- aṣọ òwú tó lè gba ooru ni kí wọ́n rẹ sínú omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, kí wọ́n tó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ní ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọṣọ, kí wọ́n lo omi ìwọ̀n 60, kí wọ́n sì fi aṣọ sínú ẹ̀rọ ìgbẹṣọ gbígbóná fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú;
- àwọ̀n ẹ̀fọn tó ní oògùn lára kò gbọ́dọ̀ kan omi gbígbóná, nítorí oògùn náà á bàjẹ́. Kí wọ́n fi omi tútù àti ọṣẹ díẹ̀ fọ̀ ọ́, kí wọ́n wo gbogbo ojú rírán rẹ̀, kí wọ́n sì sá a síbi ìbòòji;
- aṣọ òkè, kente, léèsì àti àdìrẹ kò gba omi híhó. Èyí tó bá lè gba áyọ́ọ̀nù, kí wọ́n lọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀, kí ojú áyọ́ọ̀nù sì pẹ́ lórí ojú rírán àti ìṣẹ́po, nítorí ibẹ̀ ni ẹyin ń wà. Èyí tí kò bá gbà á, kí wọ́n dì í sínú ọ̀rá, kí wọ́n sì fi sínú fírísà tó tutù dé ìwọ̀n 18 lábẹ́ òdo fún ọjọ́ 4 gbáko.

Ohun tó bá ti mọ́ kò gbọ́dọ̀ padà sínú yàrá láìsí nínú ọ̀rá tuntun tí wọ́n so pa. Inú ọ̀rá náà ni aṣọ yóò wà títí iṣẹ́ yóò fi parí.

*3. Títú bẹ́ẹ̀dì.* Kí wọ́n tú gbogbo súkúrù, kí wọ́n yọ pákó orí bẹ́ẹ̀dì kúrò lára ògiri, kí wọ́n sì dojú bẹ́ẹ̀dì dé. Kí wọ́n fi káàdì ike tọ gbogbo ojú ibi tó là, kí búrọ́ọ̀ṣì sì tẹ̀ lé e. Búrọ́ọ̀ṣì ṣe pàtàkì, nítorí ẹyin ìdun lẹ̀ pinpin mọ́ igi. Aṣọ ìnulẹ̀ lásán kò lè ṣí i. Ohun tó bá já bọ́ ni kí wọ́n gbá sínú omi ọṣẹ.

Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n gbé igi bẹ́ẹ̀dì sí àgbàlá, kí wọ́n sì rọra máa da omi híhó láti ẹnu kẹ́tù sínú ihò súkúrù àti ojú ìpàdé pákó. Omi náà gbọ́dọ̀ kan ẹyin gan-an kó tó pa á; èyí tí omi kò kàn kò kú. Ẹni tó ń da omi gbọ́dọ̀ wọ bàtà àti ìbọ̀wọ́, kí ọmọdé má sì sí nítòsí. Nígbà tí igi bá gbẹ, kí wọ́n dí ihò tí wọn kò ní lò mọ́.

*4. Fóòmù.* Omi híhó kò yẹ fún inú fóòmù: kì í tètè gbẹ, á sì máa bu. Kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ojú rírán àti abẹ́ rẹ̀, kí wọ́n rọra fa áyọ́ọ̀nù tó ń tú ooru omi kọjá lórí ojú rírán láìjẹ́ kí irin rẹ̀ kan fóòmù, kí wọ́n sì ti fóòmù náà bọnú èpo onísípì. Kí wọ́n fi sẹ́lótéèpù bo ibi tí sípì parí sí, nítorí ihò kékeré tó wà níbẹ̀ tó ọmọ ìdun láti kọjá. Ìdun tó wà nínú yóò kú nígbà tí kò bá rí ẹ̀jẹ̀ mu, àmọ́ ó lè pẹ́ ọ̀pọ̀ oṣù. Kí wọ́n fi èpo náà sílẹ̀ fún ọdún kan. Ẹni tí kò rí èpo onísípì rà lè fi ọ̀rá nínípọn dì í, bó bá jẹ́ àgbàlagbà ló ń sùn lórí rẹ̀. Ọ̀rá tó bá tú lè dí imú ọmọ ọwọ́, nítorí náà kò gbọ́dọ̀ sí lórí ibùsùn ọmọdé.

*5. Ògiri, àjà àti ilẹ̀.* Kí wọ́n ṣí kàlẹ́ńdà, àwòrán àti díńgí kúrò lára ògiri, kí wọ́n wo ẹ̀yìn wọn. Omi ọṣẹ gbígbóná àti búrọ́ọ̀ṣì ni kí wọ́n fi fọ ẹsẹ̀ ògiri, férémù fèrèsé, ilẹ̀kùn àti wọ́dúróòbù. Bí gbogbo rẹ̀ bá gbẹ, kí wọ́n fi símẹ́ǹtì funfun dí ihò ìṣó, ibi tó là àti àyíká páìpù. Sọ́kẹ́ẹ̀tì iná wà lára ibi tí ìdun fẹ́ràn jù. Kí wọ́n pa iná láti ibi mítà kí wọ́n tó ṣí ojú rẹ̀, kí wọ́n má sì da omi tàbí oògùn olómi sínú rẹ̀ rárá. Ẹni tí kò bá mọ̀ nípa iná, kó fi èyí sílẹ̀ fún oníṣẹ́ iná.

*6. Yíya bẹ́ẹ̀dì sọ́tọ̀.* Kí bẹ́ẹ̀dì jìnnà sí ògiri ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 15 ó kéré tán. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì kò gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀, ohunkóhun kò sì gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀: bàtà, báàgì Ghana-must-go àti páálí ni ibùba ìdun. Kí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan wà nínú abọ́ ike tó ní omi ọṣẹ. Omi náà ni yóò mú ìdun tó bá gun abọ́. Kí wọ́n máa dà á nù lọ́jọ́ 3 sí 3, nítorí omi tó bá pẹ́ nílẹ̀ a máa fa ẹ̀fọn, kí wọ́n sì kọ iye ìdun tí wọ́n bá nínú rẹ̀ sínú ìwé kékeré. Okùn àwọ̀n ẹ̀fọn tó ti àjà wá jẹ́ ọ̀nà mìíràn fún ìdun, kí wọ́n máa wò ó láràárọ̀. Oògùn ara àwọ̀n, ti ẹ̀fọn ni. Kí ẹnikẹ́ni má gbójú lé e fún ìdun.

*7. Dídúró àti títún un ṣe.* Ní ooru Accra, ẹyin ìdun máa ń pa láàárín ọjọ́ 6 sí 10. Iṣẹ́ ọjọ́ kan, bó ti wù kó dára tó, á fi ẹyin díẹ̀ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ tún ìgbésẹ̀ 2 sí 5 ṣe, láìṣí èpo fóòmù, lẹ́yìn ọjọ́ 10 sí 14, kí àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa tó dàgbà tó ẹni tó ń yé. Bí ìwé kékeré bá fi hàn pé ìdun ṣì ń bọ́ sínú abọ́, kí wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta. Bí iná ò bá tán lórí, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná; ẹni tó bá ṣe é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yóò padà bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni.

Nípa oògùn apakòkòrò

Èròjà tí wọ́n ń pè ní pyrethroid ló wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn ẹ̀fọn inú agolo. Ní ibi púpọ̀ láyé, èròjà yìí kò ran ìdun mọ́ bíi ti àtijọ́, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ pa ẹyin. Ohun tó sábà máa ń ṣe ni pé ó ń tú wọn ká lọ sínú ògiri àti yàrá kejì.

Bí iṣẹ́ ọwọ́ kò bá tó, afínko tó mọṣẹ́ ni kí wọ́n pè. Kí wọ́n béèrè nǹkan mẹ́rin lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó sanwó: ìwé àṣẹ rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àjọ EPA, tó ń forúkọ oògùn apakòkòrò sílẹ̀ ní Gánà, orúkọ oògùn tó fẹ́ lò, nínú ìgò tó ní ìwé lára, iye wákàtí tí èèyàn yóò fi wà níta, àti ọjọ́ tí yóò padà wá fín in lẹ́ẹ̀kejì. Afínko tó bá ní ẹ̀ẹ̀kan ti tó, tàbí tó gbé oògùn wá nínú ìgò omi tí kò ní orúkọ, kí wọ́n dá a padà.

Kí ó tó fín in, oúnjẹ, omi mímu, abọ́ àti ohun ìṣeré ọmọ gbọ́dọ̀ ti jáde. Aboyún, ọmọ ọwọ́ àti ẹni tó ní ikọ́ fée kò gbọ́dọ̀ wà nítòsí. Bí wọ́n bá padà dé, kí wọ́n ṣí fèrèsé kí wọ́n tó jókòó.

Ìkìlọ̀: ohun tó ń pa èèyàn ṣáájú ìdun

*Oògùn oníhóró tí wọ́n ń fi sínú àgbàdo.* Aluminium phosphide ni èròjà rẹ̀. Bí ọ̀rinrin bá kàn án, ó ń tú gáàsì phosphine jáde, gáàsì yìí sì ń gba ògiri àti àjà kọjá. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, ní Shadwell ní Lọ́ńdọ̀nù, ọmọbìnrin ọdún 11 kan kú nítorí pé ẹlòmíràn nínú ilé alájà púpọ̀ kan náà lo oògùn yìí fún ìdun. Kò sí ìwọ̀n tó bójú mu fún un nínú yàrá tí èèyàn ń gbé.

*DDVP, tí Nàìjíríà mọ̀ sí Sniper.* Oògùn oko ni. Ewu rẹ̀ ló mú kí NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn níbẹ̀, fòfin de ìgò kékeré rẹ̀ ní ọdún 2019. Wíwọ́n ọn sórí fóòmù túmọ̀ sí pé ẹni tó sùn lórí rẹ̀ yóò máa fà á símú di òwúrọ̀, awọ ara rẹ̀ yóò sì máa mu ún.

*Pẹtiróòlù àti kẹrosínì.* Àwọn kan ń fi nu igi bẹ́ẹ̀dì, àwọn kan ń bù ú sínú abọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Iná àbẹ́là kan tàbí oògùn ẹ̀fọn tó ń jó ti tó láti sọ yàrá di eérú. Omi ọṣẹ ń ṣe iṣẹ́ kan náà láìsí ewu.

*Káńfọ̀ inú aṣọ.* Kì í lé ìdun. Bó bá sì jẹ́ ti naphthalene, ó lè ba ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun tí èròjà G6PD kò tó lára rẹ̀ jẹ́, kó sì fa ibà pọ́njú. Àìtó èròjà yìí wọ́pọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Bí èébì, òòyì, ojú ríro tàbí èémí kúkurú bá mú ẹnikẹ́ni lẹ́yìn tí wọ́n fín oògùn, kí gbogbo èèyàn jáde síta lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Nọ́ńbà pàjáwìrì ní Gánà ni 112. 193 ni ti ọkọ̀ aláìsàn, 192 ni ti panápaná. Kí wọ́n má fún ẹni náà ní epo pupa tàbí mílíìkì mu, kí wọ́n má sì fi tipá mú un bì. Kí wọ́n mú ìgò oògùn náà lọ sílé ìwòsàn, kí dókítà lè mọ ohun tó ń tọ́jú.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

*Sísá fóòmù sóòrùn.* Oòrùn Accra kò gbóná tó láti pa ohun tó wà láàárín fóòmù. Ojú fóòmù á gbóná, ìdun á sì rìn bọ́ sí abẹ́ tó tutù.

*Jíju bẹ́ẹ̀dì nù lọ́jọ́ kìn-ín-ní.* Bẹ́ẹ̀dì tuntun tó bá wọ yàrá tí ògiri rẹ̀ ṣì ní ìdun yóò kó o láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Èyí tó bá ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe ni kí wọ́n dì sínú ọ̀rá, kí wọ́n fi ọ̀bẹ ya á, kí wọ́n sì kọ ọ́ sára pé ó ní ìdun kí wọ́n tó gbé e fún oní-aboboyaa, ìyẹn oníkẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń kó ìdọ̀tí. Fóòmù tó bá ṣì dára lójú, ẹlòmíràn yóò gbé e wọlé kó tó dé ààtàn.

*Títa ẹrù fún aládùúgbò tàbí fífún ìbátan.* Ìdun ni wọ́n fi ń tọrẹ.

*Fífi kún ìwọ̀n oògùn.* Oògùn tí kò pa á ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ìgò kò ní pa á ní ìlọ́po mẹ́ta. Ará ilé ni yóò fara gbá a.

*Dídúró nígbà tí ara kò bá yún mọ́.* Ìdun àgbà tó ti yó lè lo ọ̀pọ̀ ọjọ́ kó tó jáde. Abọ́ àti ojú rírán ni ẹlẹ́rìí, ara kọ́.

Ìgbà tí iṣẹ́ parí

Wọ́n lè sọ pé ìdun ti tán bí ọ̀sẹ̀ 8 bá kọjá láìsí ìjẹ tuntun, láìsí àmì dúdú tuntun lórí aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun, láìsí ìdun kankan nínú abọ́. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó dára kí wọ́n nu gbogbo àmì àtijọ́ kúrò. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò sẹ́ni tó máa mọ tuntun yàtọ̀ sí ti àná. Kí àwọn yàrá tó fara kàn án náà wo tiwọn ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Ìgbà náà ni aṣọ lè jáde kúrò nínú ọ̀rá. Èpo fóòmù nìkan ni yóò ṣì wà.

Kí ó má bàa padà wọlé

Aṣọ òkìrìkà láti Kantamanto tàbí ọjà mìíràn gbọ́dọ̀ kan omi gbígbóná tàbí áyọ́ọ̀nù kí ó tó wọ àpótí. Bẹ́ẹ̀dì, fóòmù àti àga onítìmùtìmù àlòkù ni ewu wọn pọ̀ jù. Kí wọ́n yẹ ìdí àti ihò súkúrù wọn wò lójú oòrùn kí wọ́n tó bá ọlọ́jà nájà. Ẹni tó bá ti Èkó tàbí Cotonou dé pẹ̀lú ẹrù, kó tú u sórí ilẹ̀ símẹ́ǹtì lóde, kó sì kó aṣọ lọ síbi ìfọṣọ ní tààrà. Kí báàgì náà má ṣe dé orí bẹ́ẹ̀dì.

Ẹni tó ń wá ilé tuntun ní àǹfààní kan tí ẹni tó ti wọlé kò ní: kò tíì sanwó. Kó bá alábòójútó lọ sí yàrá náà lọ́sàn-án pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Kó wo ihò ìṣó lára ògiri ibi tí orí bẹ́ẹ̀dì wà tẹ́lẹ̀, inú wọ́dúróòbù, ẹ̀gbẹ́ àjà àti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, kó sì bi ará yàrá kejì léèrè bóyá wọ́n ń sùn dáadáa. Bó bá rí àmì dúdú, kó ní kí onílé tọ́jú gbogbo yàrá tó fara kan ara wọn ná, kó padà wá wò ó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kó tó san owó ilé kankan sílẹ̀.